Sí Mòrúfù, Lórí Àwọn Fùláwà Tí Mo Bomi Rin ní Ìjagun

Láti ìdí tábìlì ìjẹun rẹ,
Ìjagun.

Mòrúfù ọmọ mi, Àjàní,

Kí o tó máa pariwo orúkọ ìyàwó rẹ káàkiri ilé, jókòó. Bí o bá ti ń ka lẹ́tà yìí, Rùkáyà wà lọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò kọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó lé e. Èmi ìyá rẹ ni mo ní kó di ẹrù rẹ̀, mo ní kó jẹ́ ká lọ. Ọbẹ̀ wà nínú fíríìjì. Mu omi, kí o fara balẹ̀ kà á dópin, nítorí ọ̀rọ̀ náà pọ̀.

Mo mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́ ní Àbújá tí o wà yẹn, o ó ní, "Màámi, mo wà ní mítìn-ìn, mo máa pè yín padà." Iṣẹ́ tuntun tó o rí yìí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ láti ìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n kò tíì bá ọ sọ̀rọ̀ dé ìdajì kí o tó gé e. Lẹ́tà ò ṣeé pa lẹ́nu mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Ohun ìyanu méjì ló bá mi nínú ilé rẹ. Ti àkọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ti èkejì kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ti àkọ́kọ́, torí pé òun ló tú èkejì síta.

O ní kí n wá bá ìyàwó rẹ gbé títí o ó fi ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ dé, nítorí ó lóyún, ilé tuntun sì ni ilé yín, kò tíì mọ ẹnì kan ládùúgbò. Mo fi ọgbà mi sílẹ̀, mo wá. O mọ̀ pé fífi ọgbà sílẹ̀ nínú ọyẹ́ kì í ṣe nǹkan kékeré fún mi. Lásìkò yìí ni pánṣẹ́kẹ́ ẹ̀yìn ilé wa máa ń wọ́ ewé sílẹ̀, ewé wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, tí yóò bo ilẹ̀ títí kan ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àwọn èso rẹ̀ gígùn tó ti gbẹ á máa mì ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ́ lókè bí atẹ́gùn bá fẹ́. Fùláwà ìsọ́rà á rẹ̀wẹ̀sì, etí ewé rẹ̀ á jó. Òdòdó ẹlẹ́gùn-ún tó gun ògiri nìkan ni inú rẹ̀ máa ń dùn sí ọyẹ́. Bí omi bá ṣe ń wọ́n sí i ni òun ń pupa sí i, bí ìyàwó tó fẹ́ múnú bí orogún.

Nígbà tí mo wọ géètì rẹ, mo dúró sójú kan. Ẹnu yà mí. Ìkòkò fùláwà tò láti géètì dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ìsọ́rà pupa, òmíràn tí òdòdó rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, òmíràn tí n kò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Gbogbo wọn tutù yọ̀yọ̀ nínú ọyẹ́. Ewé kan ò sí nílẹ̀. Mo ní, "Ṣé Mòrúfù tèmi náà nìyí? Mòrúfù tó máa ń sunkún bí mo bá gbé ìgbálẹ̀ fún un pé kó lọ gbá ewé pánṣẹ́kẹ́?" Orí mi wú. Mo ní ọmọ mi ti wá mọ òdòdó gbìn ju èmi lọ.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti gba iṣẹ́ omi bíbu ṣe. Bí a bá ti kírun ìdájí tán, mo gbé búkẹ́ẹ̀tì, ó di ẹnu ọ̀nà. Rùkáyà á sáré tẹ̀ lé mi.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n gbé e."

"Fi sílẹ̀, abara méjì kì í gbé ẹrù wúwo."

"Ó fúyẹ́, Màámi."

Á gbà á lọ́wọ́ mi. Òun á máa pọn ọ́n wá, èmi á máa bù ú sí ìdí wọn, ìkòkò kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo tiẹ̀ máa ń kí wọn. Màá ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin arẹwà ilé Mòrúfù." Bí mo bá wọlé tán, n kò mọ̀ pé ṣe ni ọmọbìnrin náà ń da omi inú ìkòkò nù, tó ń fi aṣọ ìnulẹ̀ nu íńtálọ́ọ̀kù tó o tẹ́ sílẹ̀ gbẹ, kí n má baà rí i pé omi mi kò wọlẹ̀ níbì kankan.

Bí mo bá sì ti ń bu omi, ni mò ń gbàdúrà fún inú rẹ̀. "Rùkáyà, wẹ́rẹ́ ni o ó bí i. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Á kúnlẹ̀ lórí íńtálọ́ọ̀kù tútù yẹn, á ní, "Àmín, Màámi." Àràárọ̀ ni, kò sì sí àárọ̀ kan tí kò ṣe àmín.

Kí n má gbàgbé, mo mú ọ̀pá jinwínìnì dání láti ilé, èyí tí ewé rẹ̀ pupa, nítorí omi ewé rẹ̀ ni mo fi ń wẹ̀ ọ́ nígbà tí nǹkan sú sí ọ lára ní kékeré. Mo ní ká gbìn ín ṣáájú kí ọmọ tó dé, kó ti ta gbòǹgbò. A wá ilẹ̀ kiri gbogbo àgbàlá rẹ, íńtálọ́ọ̀kù ló bò ó. Ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé ìdáná nìkan la ti rí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní ìkírun. Ibẹ̀ la gbìn ín sí. Rùkáyà fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ó sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó dìde. Mo rò pé oyún ló ń rẹ̀ ẹ́.

Ìwọ náà pè mí láàárín ìgbà yẹn. Mo ní, "Mò ń bá ọ bomi rin àwọn fùláwà rẹ o." O ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Ẹ ṣé, Màámi! Àjàní, ojú ò tiẹ̀ tì ọ́? Mo ti ròyìn fún àwọn ẹgbẹ́ asálátù mi lórí fóònù pé ìsọ́rà ọmọ mi ní Ìjagun kì í mọ ọyẹ́. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n báyìí?

Ṣùgbọ́n ojú tó ti ń wo igi láti ọjọ́ pípẹ́ kò lè ṣàìfura. Ọyẹ́ le sí i. Ètè wa là, ẹsẹ̀ wa funfun, eruku bo gbogbo ferese. Fùláwà rẹ ò ju ewé kan sílẹ̀. Òdòdó tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ yẹn, bí o bá rántí, a ní irú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga nílé. Àárọ̀ ló ń là, bí ó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ó ti ká jọ bí àkísà, ọjọ́ kejì òmíràn ló máa là. Tìrẹ là kí n tó dé, kò sì ká jọ. Mo ní bóyá irú ti òkè òkun ni. Lẹ́yìn náà mo ní bóyá nǹkan ń ṣe é, torí pé igi tí kì í pààrọ̀ ewé, àìsàn ló máa ń wà lára rẹ̀. Mo bá rántí ohun tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi àlùjáńnà kẹ́ ẹ, fi hàn mí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé rẹ̀.

N kò tíì sọ èyí fún ọ rí. Ìdílé oníṣòwò ni mo ti wá, n kò mọ igi, aṣọ ni mo mọ̀. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí mo bá nílé bàbá rẹ, pánṣẹ́kẹ́ wọ́ gbogbo ewé rẹ̀, ó dúró gbọnrangandan bí igi ìdáná. Èmi olóye, mo ní ó ti kú. Mo lọ pe àwọn agégi, mo ní kí wọ́n wá gé e kí n máa fi se ìkọ́kọrẹ́. Wọ́n ti ń pọ́n àáké nígbà tí bàbá rẹ ti ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ dé. Kò bú mi lójú wọn. Ó rìn lọ sí ìdí igi náà, ó fi èékánná àtàǹpàkò họ èèpo rẹ̀ díẹ̀, ó ní kí n wá wò ó. Abẹ́ èèpo náà tutù, àwọ̀ ewé ló ní. Ó ní, "Ìyàwó, kò kú. Ìgbà rẹ̀ ló ń lò." Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, igi tí mo fẹ́ fi dáná pupa láti òkè délẹ̀, tí àwọn tó ń kọjá lójú títì ń yọrùn wò ó. Láti ọjọ́ náà, n kì í sọ pé igi kan kú kí n tó fi èékánná họ ọ́.

Ni mo bá sún mọ́ ìsọ́rà rẹ lánàá, mo fi èékánná họ ọ́ lára. Kò họ. Mo tẹra mọ́ ọn. Ohun tó yọ lábẹ́ èèpo ni wáyà.

Súbúhánálláhì! Wáyà! Mo gbá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, wáyà. Mo họ ti ẹ̀gbẹ́ géètì, wáyà. Mo ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò sórí, fóòmù ló wà nísàlẹ̀. Mo ti dàgbà, mo ti rí nǹkan, mo ti rí aṣọ tí wọ́n ní ó jẹ́ síliki tí kì í ṣe síliki, ṣùgbọ́n n kò rí igi tó ní egungun irin rí. Mo figbe ta. Rùkáyà sáré jáde, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ.

"Rùkáyà, ike ni fùláwà yìí?"

Ó kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ má bínú."

"O mọ̀, o sì ń bá mi pọn omi! Ẹ̀ẹ́tijẹ́? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó wo ilẹ̀. "Màámi, ẹ̀yin ni ìyá ọkọ mi. Kí n tó jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ ti bu omi sí méjì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ fún yín pé ike lẹ̀ ń bomi rin? Mo ní ẹ máa rí i fúnra yín. Nígbà tó wá dọjọ́ kejì, ó ti pẹ́ jù láti sọ."

Mo wò ó, mo wo búkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín bá gbé mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sórí àtẹ̀gùn, ìborùn mi bọ́ sílẹ̀. Òun náà kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu, nígbà tó yá kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó bá mi rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ inú rẹ gọ̀ tó ìyá àgbà rẹ̀ o." Kò ṣe àmín. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ, èjìká rẹ̀ ń mì, mo sì rí i pé ẹ̀rín náà ti yí padà. Ẹkún ni.

Mo ní, "Rùkáyà, kí ló dé?"

Ó ní, "Màámi, kò sí ọmọ níbẹ̀ mọ́."

Mòrúfù, n kò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó sọ. Mo ní kó tún un sọ. Ó ní oyún náà ti bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí mo dé. Ó ní ẹ ti lọ sí ọsibítù, ẹ ti bọ̀. "Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún yín, torí ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Wọ́n ní kí n ṣáà tújú ká títí àwọn á fi ti Àbújá dé, àwọn á sọ fún yín fúnra wọn." Ìwọ ni ó ń pè ní "wọ́n" bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú omi lójú.

Ara mi tutù bí ẹni tí wọ́n bu omi lé lórí. Gbogbo àárọ̀ tí mo ti lò nílé rẹ ń padà wá sójú mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ló ń gbé búkẹ́ẹ̀tì omi fún mi, tó ń sọ pé ó fúyẹ́. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí ewé tí a fẹ́ fi wẹ ọmọ tó ti lọ. Èmi sì ń dúró lé e lórí láràárọ̀, mo ń pariwo "a ó gbóhùn ọmọ," lórí ọgbẹ́ tí kò tíì jiná, òun ń kúnlẹ̀, ó ń ṣe àmín. Bí ẹnì kan bá fi ojú abẹ gé mi lásìkò yẹn, n kò rò pé ǹ bá mọ̀ ọ́n lára. Ó yà mí lẹ́nu pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé kan náà, lábẹ́ òrùlé kan náà, kí n má mọ̀. Ó sì dùn mí dé egungun.

Nísinsìnyí, gbọ́ ìmọ̀ràn tí mo ní fún ọ. N kò ní tò ó bí ìwé ọ́fíìsì yín, bó bá ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn ni màá máa kọ ọ́.

Èkíní. Má tún fi irọ́ tọ́jú mi mọ́. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru láti ìgbà tó o ti ń gun orí òrùlé lọ mú bọ́ọ̀lù, kò sì tíì pa mí. Ohun tó bá ojú ti bá imú. Bí ẹ bá pàdánù, mo pàdánù, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ pín in tí tèmi ò ní kàn mí. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá ti wá síbí pẹ̀lú omi gbígbóná àti ẹnu tó dákẹ́, dípò tí mo fi wá pẹ̀lú ọ̀pá jinwínìnì.

Èkejì ni èyí tó ká mi lára jù. O ní kó tújú ká. Àjàní, ta ló ń sọ fún pánṣẹ́kẹ́ pé kó tújú ká nínú ọyẹ́? Ìgbà tó bá fẹ́ wọ́wé, yóò wọ́wé, kò sì sí ẹni tó ń gùn ún lọ so ewé mọ́ ọn padà. Mo mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Òótọ́ ni, mo sì dúpẹ́ pé agbè wa ò fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó pọn omi náà ló mọ bó ṣe wúwo tó lórí, kò yẹ ká máa pa á lẹ́nu mọ́ kó tó sọ ọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún kò ní fọ́ ọ lójú.

Ṣé o mọ ìdí tí a fi sọ ọ́ ní Àjàní? A jà kí a tó ní ọ. Oyún méjì ló bàjẹ́ lára mi ṣáájú rẹ. Inú ọyẹ́ ni èkejì bọ́ sí. Àwọn ìyá ilé wá, wọ́n ní kí n má sunkún, pé ẹkún á fọ́ ojú ọmọ tó ń bọ̀, mo sì gbọ́ tiwọn, mo gbé ojú líle. Bàbá rẹ ti ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ohun tí kì í ṣe, ó wá bá mi lórí bẹ́ǹṣì ìdí pánṣẹ́kẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ewé wẹ́wẹ́ yẹn ń já sí mi lórí gèlè, ó ń bá mi ṣà á kúrò. Bó bá ṣà á kúrò tán, òmíràn á tún já, á tún ṣà á. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún tèmi tó dénú. Nígbà tí mo sun ún tán, ebi ń pa mí, ó lọ ra àkàrà wá. N kò rántí ohun kan tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi lọ́sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n mo rántí ọwọ́ rẹ̀ lórí gèlè mi.

Ẹ̀kẹta kéré, ṣùgbọ́n gbà á. A kì í lọ́ igi lẹ́ẹ̀rùn, a kì í hú u lọ gbìn síbòmíràn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúndùn òdòdó, mo rí ìsọ́rà kan nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ayépé, ojú mi wọ̀ ọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òjò dé kí n tó wá hú u. Mo ní rárá, mo fẹ́ ẹ báyìí. Mo hú u nínú ọ̀gbẹlẹ̀, mo gbìn ín sójú oòrùn, mo sì bá ọjà lọ. Kí n tó dé, ó ti di igi ìdáná. Ìwọ gbé Rùkáyà kúrò láàárín àwọn ìyá rẹ̀ ní Odogbolu, o gbé e wá sí Ìjagun tí kò ti mọ ẹnì kan, o sì gba Àbújá lọ. N kò sọ pé kí o má ṣiṣẹ́. Bí ìrìn-àjò bá sì pọn dandan, ó pọn dandan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ́ igi lẹ́ẹ̀rùn ní láti ṣíji bò ó, kó sì máa wá a wò kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe fóònù la fi ń ṣe é.

Ti àwọn fùláwà oníke yẹn wá ńkọ́? Mo bi Rùkáyà pé kí ló dé tó o fi rà wọ́n. Ó ní o ní òdòdó gidi ń dọ̀tí ilé, pé ewé tó o gbá ní kékeré ti tó ọ. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí ojú rẹ níwájú mi, ìwọ àti ìgbálẹ̀ tó gùn jù ọ́ lọ. Àmọ́ ọmọ mi, ilé tí èèyàn ń gbé, nǹkan á máa já sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ó máa gbá a, òmíràn á tún já. Bó ṣe rí nìyẹn títí a ó fi kú, kò sì burú. Má bẹ̀rù, n kò sọ wọ́n nù. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, n kì í sọ nǹkan olówó nù. Mo fi ọṣẹ fọ gbogbo wọn, mo sá wọn sórí okùn aṣọ lẹ́yìn ilé. Ìwọ ni kí o kó wọn, kí o pinnu ibi tó o fẹ́ fi wọ́n sí.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ni mo sì ń bẹ̀rù láti kọ. Rùkáyà sọ fún mi pé o ti ra bàtà kékeré kan fún ọmọ náà, bàtà funfun, kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí ẹ ti ti ọsibítù dé ni òun ti ń wá a, òun kò rí i. Ó rò pé o ti sọ ọ́ nù, ó sì dùn ún, àmọ́ kò lè bi ọ́. Mo ní kó má wá a mọ́. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Nígbà tí ológbò rẹ kú, inú báàgì ilé-ìwé rẹ ni mo ti rí okùn ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bàtà náà wà ní Àbújá. Ó wà nínú báàgì rẹ, lábẹ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, o sì ń wò ó bí ilẹ̀kùn bá tì. Ìwọ náà fẹ́ ọmọ náà, Àjàní. O ní kí ìyàwó rẹ tújú ká nítorí pé ìwọ alára ò mọ ibi tó o máa gbé ojú tìrẹ sí. N kò bá ọ jà lórí ìyẹn. Mo ń sọ fún ọ pé mo ti rí i.

Rùkáyà bi mí láàárọ̀ yìí pé ṣé ká fa ọ̀pá jinwínìnì náà tu. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ewé rẹ̀ ti rọ, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀pá tí a gbìn nínú ọyẹ́ tí ewé rẹ̀ kì í rọ. Kí o tó wá bá wa, lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé ìdáná. Fi èékánná họ ọ́ díẹ̀. Bí o bá rí àwọ̀ ewé, bu omi sí i. Òun nìkan ló mọ ohun tí omi jẹ́ nínú gbogbo àgbàlá rẹ.

Mo ti sọ fún ìyàwó rẹ pé kó má ṣe àmín sí àdúrà mi kankan mọ́ bí ọkàn rẹ̀ kò bá ṣe é. Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò yé, ó wá ní, "Ẹ ṣé, Màámi." Mo rò pé òótọ́ ni tọ̀tẹ̀ yìí.

Máa bọ̀ wálé. Ìjagun sí Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà. Má ra òdòdó wá o, mo mọ irú èyí tó o máa ń rà. Bàtà yẹn ni kí o mú dání. Bí o bá dé, má pè mí, má yà sí pálọ̀, gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Rùkáyà yóò wà lórí bẹ́ǹṣì bàbá rẹ, nídìí pánṣẹ́kẹ́. Má wá ọ̀rọ̀ tó o máa sọ. Jókòó tì í. Ewé á máa já sí i lórí, igi náà kò tíì wọ́wé tán. Máa bá a ṣà á.

Èmi ni,
ìyá rẹ.